Dúrọ́ọ̀mù Ẹ̀yìn Ilé Ìdáná

Ọjọ́ Ajé, 8 oṣù kẹrin, 2024

Èmi Boaz Lájídé ti Ìyàmoyè ni mo kọ́ Pròfẹ́sọ̀ Lois Bámigbóyè ní gbogbo ohun tó mọ̀ nípa kẹ́míkà àti jẹjẹrẹ. Ẹni tó bá rí ìwé yìí lẹ́yìn tí mo bá kú, kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sára ibojì mi. Ìwé tó kọ, òkè òkun tó lọ, àwọn òyìnbó tó dìde pàtẹ́wọ́ fún un, ọwọ́ mi ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ó dáa. Mo ti mu omi, ara mi ti balẹ̀. Ohun tí mo kọ́ ọ ni bí wọ́n ṣe ń di eku mú ní ẹ̀yìn ọrùn kó má baà ráyè gé èèyàn jẹ. Ọdún 1986 ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yunifásítì, eku sì ti gé e jẹ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Èmi ni mò ń fọ àgò wọn, tí mò ń fún wọn lóúnjẹ, tí mò ń kó òkú wọn dànù. Bàbá Eku ni gbogbo wọn ń pè mí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ìyókù, ẹnu ọ̀nà láàbù ni mo ti gbọ́ ọ.

Pròfẹ́ wá láti Mopa lónìí. Mo ń tòògbé lórí àga níta nígbà tí mo gbọ́, "Okun o, Bàbá Eku!"

Mo ní, "Okun. Ta ni ìyá arúgbó yìí?"

"Èmi náà lẹ ń pè ní ìyá arúgbó?"

"Ìgbà tí mo mọ̀ yín, irun yín dúdú bí ìdí ìkòkò."

Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú. Ó máa pé àádọ́rin ọdún lọ́dún yìí, yunifásítì á ní kó máa lọ sílé. Ó ní iṣẹ́ kan ló kù: ọgọ́ta ilé ní Ìyàmoyè níbí. Ó fẹ́ mọ omi tí wọ́n ń mu àti ohun tí wọ́n fi ń gbé e pamọ́. Òògùn kóríko tí gbogbo ayé ń fọ́n sí oko kajú, kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ kì í sùn sóko, ilé ìdáná ló ń bá wọn lọ.

"Mo ti fi ọdún méjìdínlógójì wo eku, Bàbá. Ó yẹ kí n wo ará ilé wa kí n tó lọ jókòó."

"Ará ilé wa le ju eku lọ, Pròfẹ́. Eku kì í purọ́."

Ó fún mi ní ọgọ́ta fọ́ọ̀mù, bírò mẹ́rin, àwọn ìgò kéékèèké onídèérí àti kúlà kan. Mo tún di òṣìṣẹ́ ní ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Òjò ò tí ì rọ̀ dáadáa. Gàrí gbówó lórí débi pé mo ń wọ̀n ọ́n bí òògùn.

Ọjọ́rú, 10 oṣù kẹrin

Kì í ṣe ilé tó wù wá là ń wọ̀. Pròfẹ́ ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọjà, kí n máa fo ilé méjì, kí n wọ ẹ̀kẹta. Mo rìn ín, mo kà á. Mo padà, mo tún un kà. Ilé tèmi ni ìkẹtàdínlógún.

Mo pè é lórí fóònù pé kí á fò ó. Ó ní, "Bí a bá fo ilé kan torí pé a mọ onílé, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn, Bàbá. Ẹ̀yin gan-an lẹ kọ́kọ́ sọ fún mi pé a kì í ṣa eku tó lẹ́wà."

Lóòótọ́ ni mo sọ ọ́. Mo fi fọ́ọ̀mù kẹtàdínlógún sí ìsàlẹ̀ gbogbo wọn.

Ìbéèrè mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìkeje ni baálẹ̀: *Inú kí ni ẹ ń gbé omi mímu pamọ́ sí, kí ló sì wà nínú nǹkan náà tẹ́lẹ̀?*

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 oṣù kẹrin

Ọ̀dọ̀ Ernest ni mo lọ lónìí. A jọ ṣe ọmọdé ni. Ó ní ṣọ́ọ̀bù òògùn kóríko ní Kabba, ó sì máa ń wálé ní òpin ọ̀sẹ̀. Mo bi í ní ìbéèrè keje.

"Ìkòkò amọ̀," ó ní, ojú rẹ̀ tutù bíi ti díákónì.

Mo kọ ọ́. Lẹ́yìn náà mo ní òùngbẹ ń gbẹ mí. Ìyàwó rẹ̀ lọ bu omi wá láti inú kẹ́ẹ̀gì funfun kan. Àwòrán agbárí òkú ṣì wà lára rẹ̀ kedere.

"Ernest, ìkòkò amọ̀ rẹ yìí mà dára o. Ó ní etí, ó ní ìdérí, ó tún ní agbárí."

"A ti fọ̀ ọ́ jàre! Eérú ọjọ́ mẹ́ta, oòrùn ọjọ́ mẹ́ta. Wá gbóòórùn rẹ̀ wò."

Mo gbóòórùn rẹ̀. Kò rùn. Bí a ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn láti ìgbà tí kẹ́ẹ̀gì ti dé ilẹ̀ yìí. Imú ni láàbù wa. Bí òórùn bá ti lọ, májèlé ti bá a lọ.

"Àwọn eku mi náà ò gbóòórùn nǹkan kan," ni mo sọ fún un. "Wọ́n kàn ń mu ún ni."

"Kí ló wá ṣe wọ́n?"

"Wọ́n di alábòsí bíi tìrẹ."

Mo fa ìlà pa ìkòkò amọ̀ rẹ̀, mo kọ kẹ́ẹ̀gì. Mo sọ fún un níwájú ìyàwó rẹ̀ pé àgbàlagbà tó bá purọ́ fún fọ́ọ̀mù, fọ́ọ̀mù náà á jẹ́rìí lé e lórí lọ́run. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín bọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ̀rín náà bá mi dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó dúró síta.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 oṣù kẹrin

Naomi tún béèrè dúrọ́ọ̀mù. Ọgbà kan ló pààlà ilé wa. Ọ̀rẹ́ Zipporah ìyàwó mi ni láti ìgbà tí wọ́n ti jọ wà ní ọmọge, opó lòun náà.

"Bàbá Ṣeun, dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ilé ìdáná yẹn, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Inú rẹ̀ ni kí ẹ sin mí sí."

"Ẹsẹ̀ yín gùn jù ú lọ. Ẹ fún mi jàre! Òjò ń bọ̀, mi ò ní nǹkan tí màá fi gbe omi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀."

"Fẹ́ mi, kí n fi ṣe ìdána."

"Ẹ wo eyín tó fẹ́ fẹ́yàwó!"

Ó lọ, ó ń rojọ́ mi fún àwọn adìyẹ rẹ̀ pé ahun ni mí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ kó rí. Dúrọ́ọ̀mù rọ́bà ni, búlúù, ó gba omi garawa mẹ́wàá. Ọdún méje nìyí tí mo ti fi tapólì bò ó. Mi ò lò ó, mi ò fi tọrẹ, mi ò sì jù ú nù.

Ọjọ́ Àìkú, 21 oṣù kẹrin

Ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi nìkan lórí bẹ́ǹṣì Zipporah. Wọn ò jókòó síbẹ̀, wọ́n rò pé mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Mo gún iyán jẹ. Ọkùnrin tó ń dá gúnyán fún ara rẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́ ló yẹ kó máa gún un, kí àwọn aládùúgbò má baà ka iye ìgbà tí ọmọ odó balẹ̀. Ṣeun ọmọ mi pè láti Abuja. Ó ní ṣé mo ti jẹun, mo ní a ti jẹun. Ó ní ta ni "a"? Mo ní èmi àti Dókítà. Eku àjà ni Dókítà. Mi ò dẹ tàkúté fún un. Ó tó gẹ́ẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 26 oṣù kẹrin

Òjò rọ̀! Láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Ilé mẹ́tàlélógún ti parí.

Pròfẹ́ wá kó ìgò, òjò sì sé e mọ́ ọ̀dọ̀ mi. A jẹ ẹ̀wà. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ àtijọ́, bí ẹni tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ń gbé aṣọ kọ̀ọ̀kan sókè wò. Ó sọ̀rọ̀ kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ epo lára irin, èyí tó ń bá dúrọ́ọ̀mù búlúù dé ní ọdún 1994. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ló bù sínú omi eku. Oṣù méjìdínlógún kọjá, nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Wọ́n sanra, wọ́n ń bímọ. Lẹ́yìn náà ó là wọ́n, ó rí kókó nínú ẹ̀dọ̀ wọn.

"Ìwé tí mo kọ nípa rẹ̀ ló sọ mí di ẹni tí mo jẹ́," ó ní. "Ẹ rántí irin ṣóńṣó tí mo fún yín, pé bí dúrọ́ọ̀mù bá ti ṣófo, kí ẹ dá a lu nísàlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má gbé e lọ sílé?"

"Mo rántí irin náà. Ó wúwo."

"Ìwé tí ẹ máa ń kọ ńkọ́? 'Dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta, a ti dá wọn lu.' Ọwọ́ yín dára ju ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ."

Ó wo fọ́ọ̀mù, ó ní ìkẹtàdínlógún dà? Mo ní onílé náà kì í gbélé, oníṣekúṣe èèyàn kan ni. Ó rẹ́rìn-ín. Òjò dá, ó lọ. Mo fọ abọ́ méjì. Ó ti pẹ́ tí mo ti fọ abọ́ méjì.

Ọjọ́bọ̀, 2 oṣù karùn-ún

Mo ṣubú nínú ẹrẹ̀ lọ́nà odò. Ìgò ò fọ́. Èmi ni mo fọ́ díẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 oṣù karùn-ún

Ilé méjìlélógójì. Nínú wọn, ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ń mu omi nínú kẹ́ẹ̀gì òògùn. Eérú, oòrùn, imú. Gbogbo wọn ló ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka Ìgbàgbọ́ Àwọn Àpọ́sítélì. Obìnrin kan ní òun máa ń fi ewúro kún eérú tòun. Mo kọ ewúro náà sílẹ̀.

Wọ́n ti ń pè mí ní Pròfẹ́sọ̀ Oníkẹ́ẹ̀gì. Mo ń dáhùn.

Ọjọ́ Àìkú, 12 oṣù karùn-ún

Lónìí ni ọjọ́ ìbí Zipporah. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni ò sì rántí àfi Naomi, tó gbé mọ́ínmọ́ín méjì sórí ọgbà láìsọ̀rọ̀.

Òyìnbó Olómi ni Zipporah máa ń pè mí. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ìparí oṣù ni mo máa ń wálé, mo sì máa ń gbé omi tèmi dání nínú kẹ́ẹ̀gì láti yunifásítì. Mo ní omi ẹ̀rọ ti bá ikùn mi ṣe àdéhùn. Gbogbo àdúgbò ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Zipporah ń bu omi tirẹ̀, mò ń bu omi tèmi, a jọ ń jẹ nínú abọ́ kan.

Ọdún tí mo fẹ̀yìn tì, 2011, mo jà níbi ìpàdé ìlú títí wọ́n fi gbẹ́ bòhóòlù sí ìkóríta wa. Mo pariwo, mo sunkún, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bá olórí ìpàdé wọ̀jà. Wọ́n yìn mí nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ọjọ́ yẹn ni dúrọ́ọ̀mù ti gbẹ.

Ẹ̀dọ̀ ló pa á, ní 2017. Kò ju oṣù mẹ́rin lọ láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti pọ́n bí epo. Mọ́ínmọ́ín náà dùn. Mo jẹ méjèèjì.

Ọjọ́ Ẹtì, 24 oṣù karùn-ún

Mo lọ sí Kabba láàárọ̀ láti fi kúlà ránṣẹ́ sí láàbù. Owó mọ́tò ti tún lé. Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù Ernest láti yọ ọ́ lẹ́nu, mo pẹ́ díẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé, tapólì wà lórí òkúta, wọ́n ká a dáadáa bí aṣọ ìsinmi. Dúrọ́ọ̀mù ò sí níbẹ̀.

Mo gbọ́ ẹ̀rín láti ọgbà Naomi. Ó ti yí i lọ síbẹ̀, láti ìdájí ọjọ́ méjì sẹ́yìn ló sì ti ń fi eérú fọ̀ ọ́ níkọ̀kọ̀, tí mo rò pé ilẹ̀ rẹ̀ ló ń gbá. Ẹ̀yìn ilé ìdáná mi náà ló ti fọ̀ ọ́, ọ̀daràn obìnrin. Lónìí ló gbé e sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, òjò ọ̀sán sì ti rọ̀ sínú rẹ̀ dé àárín. Ó fi kọ́ọ̀bù bu omi náà, ó ń gbé e lọ sẹ́nu.

Èmi tí mi ò lè bẹ̀rẹ̀ de okùn bàtà, mi ò mọ bí mo ṣe fo ọgbà. Mo gbá kọ́ọ̀bù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi ara ti dúrọ́ọ̀mù, ó dojú dé, omi ṣàn lé wa lẹ́sẹ̀.

"Bàbá Ṣeun! Ṣé orí yín dàrú ni?"

Àwọn èèyàn ti ń jáde. Ó ń pariwo: "Dúrọ́ọ̀mù lásán! Dúrọ́ọ̀mù ọ̀rẹ́ mi! Ṣé mo ní kí wọ́n fún mi ní ojú ni?"

Wọ́n ní kí ló dé. Gbogbo rẹ̀ wà lórí ahọ́n mi. Ohun tó wá jáde ni pé: "Mo ti ń tọ̀ sínú rẹ̀ láti ọjọ́ ọdún tuntun. Ilé ìyàgbẹ́ jìnnà."

Kí ẹ rí ẹ̀rín! Ẹni tó ń rán bàtà ládùúgbò wa jókòó sínú ẹrẹ̀. Naomi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó tu itọ́. Ó fi omi yọ ẹnu, ó tún tu ú. Ó wá wò mí, ohùn rẹ̀ ò ga rárá:

"Ẹ̀ ń tọ̀ sínú ohun tí Zipporah fi gbe omi?"

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Mo dá yí dúrọ́ọ̀mù náà padà sílé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 oṣù karùn-ún

Naomi ò kí mi. Àràárọ̀ ló ti máa ń ké "Okun o" láti orí ọgbà, bó ti lè wù kí n ti yọ ọ́ lẹ́nu tó lánàá. Mo dúró síbẹ̀ títí oòrùn fi ta. Mo ké "Okun o" fúnra mi. Adìyẹ ló dáhùn.

Ọjọ́bọ̀, 30 oṣù karùn-ún

Ilé mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Ó ku ẹyọ kan. Òjò lójoojúmọ́. Láti Àbámẹ́ta tó kọjá, èèyàn mẹ́ta ló ti bá mi sọ̀rọ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì béèrè bóyá ilé ìyàgbẹ́ ṣì jìnnà.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kẹfà

Pròfẹ́ wá gba fọ́ọ̀mù. Ó kà wọ́n, ó na ọwọ́ fún èyí tó kù.

Mo ní kó tẹ̀ lé mi lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Mo ká tapólì. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ti gbọ́ ìtàn ìtọ̀ náà dé Mopa. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Nọ́ńbà tí mo fi ọ̀dà funfun kọ sára rẹ̀ ní láàbù ṣì wà níbẹ̀, mọ́kànlá, àti ọdún rẹ̀. Ó fi ìka tẹ̀ lé e. Ó mọ ọwọ́ mi. Ó wo ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù náà, ó yí i ká.

"Ẹ ò dá a lu."

"Mi ò dá a lu."

"Ẹ kọ ọ́ pé ẹ ti dá a lu."

"Mo kọ ọ́."

Mo ṣàlàyé fún un. Àwa òṣìṣẹ́ kékeré ń du dúrọ́ọ̀mù bí ẹni ń du oyè. Kérésìmesì 1994, wọn ò san owó oṣù wa, mi ò ní nǹkan tí màá gbé lọ sílé. Mo fi eérú fọ̀ ọ́, mo sá a sóòrùn, mo gbóòórùn rẹ̀. Mo gbé e sórí lọ́rì dé Ìyàmoyè. Zipporah jó yí i ká. Òun nìkan ló ní irú rẹ̀ ní gbogbo àdúgbò. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi mu omi inú rẹ̀.

Ó jókòó sórí odó. 

"Ìgbà tí ẹ gbé e wá, ṣé ẹ mọ ohun tó ń ṣe?"

"Mi ò mọ̀," mo ní. "Mo rò pé bí òórùn bá ti lọ..."

"Ìwé tí ẹ ń kọ dúrọ́ọ̀mù sí, gbogbo oṣù ni mò ń fọwọ́ sí i lábẹ́ orúkọ yín. Mi ò jáde lọ wo ẹ̀yìn láàbù lẹ́ẹ̀kan rí."

Mo wá bi í léèrè ohun tí mo ti fẹ́ bi í láti ọdún méje: "Ṣé òun ló pa á?"

Ó ní, "Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, mo purọ́. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, mo purọ́. Bí ẹgbẹ̀rún èèyàn bá mu ún, mo lè sọ iye tó máa kú nínú wọn. Mi ò lè na ìka sí ẹnì kan, Bàbá. Iṣẹ́ mi ò mọ orúkọ èèyàn."

Ó bu omi òjò tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ sínú ìgò. Ó fi abẹ fá ara rọ́bà náà nínú, ó dì í. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó tún un fọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù kẹfà

Dókítà ò sọ̀kalẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́rin. Mo fi iṣu sílẹ̀ fún un. Iṣu náà ṣì wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 oṣù keje

Èsì dé. Pròfẹ́ gbé e wá fúnra rẹ̀.

Kò sí nǹkan kan nínú omi. Ara rọ́bà tó fá, díẹ̀ báyìí ló kù níbẹ̀, bí ẹyọ iyọ̀ kan nínú kànga. Ọgbọ̀n ọdún òjò àti oòrùn ti fọ ìyókù lọ. Kò lè sọ ohun tó wà níbẹ̀ nígbà tí Zipporah ń mu ún. Mo ti rò pé ìwé náà á dá mi lẹ́bi tàbí kó dá mi láre. Ó kàn dákẹ́ ni.

Ó ní lóṣù kẹsàn-án, tó bá ń dágbére fún yunifásítì, òun máa sọ̀rọ̀ dúrọ́ọ̀mù náà níwájú gbogbo wọn. Kò ní dárúkọ mi.

"Mo máa sọ pé èmi ni mo fọwọ́ sí i. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi kò mọ̀, ojúṣe mi ni láti jẹ́ kó mọ̀. Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi ń kọ́ gbogbo ayé, mi ò kọ́ ẹni tó ń fọ àgò mi."

Omi wà lójú rẹ̀. Mo wá nǹkan tí màá fi dá a lẹ́rìn-ín, mi ò rí.

Lẹ́yìn tó lọ, mo lọ kan ilẹ̀kùn Naomi. Mo sọ fún un pé mi ò tọ̀ sínú nǹkan kan. Mo sọ ìyókù. Ó ń ṣa ẹ̀wà, kò gbójú sókè.

"Zipporah ń fi dúrọ́ọ̀mù yẹn yangàn fún wa," ó ní. "Ó ní ọkọ tòun ò gbàgbé òun níbi tó wà. Inú bí mi sí ọkọ tèmi fún odindi ọdún kan."

Ó da ẹ̀wà tó ti ṣà sínú abọ́.

"Èmi náà mu ún. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ló ń fún mi."

"Mo mọ̀."

"Ṣé ó mọ̀ kó tó kú?"

"Kò mọ̀."

Ìgbà yẹn ló gbójú sókè. "Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá Ṣeun? Ìgbà wo lẹ mọ̀? Torí mo rántí omi yunifásítì yín."

Mo dìde, mo ní alẹ́ ti ń lẹ́. Oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 oṣù keje

Ọ̀sẹ̀ méjì ni bírò fi wà lórí fọ́ọ̀mù kẹtàdínlógún. Pròfẹ́ ti ń kọ ọ̀rọ̀ tó máa sọ lóṣù kẹsàn-án. Mi ò lè jẹ́ kó fi ẹ̀bi mi dágbére fún iṣẹ́ rẹ̀. Mo ti kọ ìdáhùn ìbéèrè keje. Lọ́la ni mo máa gbé e lọ sí Mopa fúnra mi, lẹ́yìn tí mo bá ti kà á fún Naomi. Mo dà á kọ síbí bó ṣe rí.

*Dúrọ́ọ̀mù búlúù láti láàbù. Kẹ́míkà tí ẹ bù sínú omi eku ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo gbé e wálé, lóòótọ́ ni mi ò mọ̀. Ní oṣù kẹwàá 1996, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ẹ ń la eku níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo rí kókó inú ẹ̀dọ̀ wọn, mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ, èmi ni mo kó òkú wọn dànù. Pròfẹ́, láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀. Mi ò sọ fún yín, torí wọ́n á lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Mi ò sọ fún ìyàwó mi, torí inú rẹ̀ dùn sí dúrọ́ọ̀mù náà ju gbogbo nǹkan tí mo fún un rí lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí gbé omi tèmi dání, mo sì fi ṣe ẹ̀fẹ̀ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.*

*Kérésìmesì ọdún 1996 yẹn, mo dé láti ojú ọ̀nà, eruku bò mí. Zipporah bu omi fún mi nínú kọ́ọ̀bù. Mo ní òùngbẹ ò gbẹ mí. Ó gbé e sẹ́nu, ó mu ún tán.*